Etíkun wo ló máa rọ Màmá mi lọ́rùn l'Ékòó?

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará. Àkúrẹ́ ni mo wà. Màmá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, wọn ò tíì fojú kan òkun rí, wọ́n sì ní kí n mú àwọn lọ fẹsẹ̀ tẹ omi iyọ̀ kí ọdún yìí tó parí. Àwọn ọmọ náà ń bá wa lọ.

Ayétòrò ní Ìlàjẹ ni mo kọ́kọ́ rò, tiwa-n-tiwa, àmọ́ òkun ti ń gbé ilé àwọn èèyàn lọ níbẹ̀. Kò ṣeé lọ ṣe fàájì sí. Tarkwa Bay wù mí, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ojú omi là ń wọ̀ débẹ̀. Gbèrèfú ní Àgbádárìgì náà, ọkọ̀ ojú omi ni. Màmá ní ohun tó bá ti ń mì lábẹ́ àwọn, àwọn ò gùn ún! Afárá orí igi tó wà ní Lẹ́kí, tó gùn ní mítà 401, ti àwọn ọmọ nìyẹn. Nike Art Gallery la ti fẹnu kò lé, nítorí àdìrẹ.

Ìbéèrè mi rèé: etíkun wo ni mọ́tò ti lè já wa sílẹ̀ nítòsí omi, tí ẹni tí orúnkún ń dùn ò ní í wọ́sẹ̀ jìnnà nínú yanrìn?

Ẹ má bínú pé ó gùn. Mo ti ń dúpẹ́ sílẹ̀ o.