Ìdáhùn: "Àlẹ̀mọ́" kọ́ ni gọ́ọ̀mù bàálù oníke

Ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, mo kí gbogbo yín o.

Ìbéèrè tí arábìnrin wa láti Ìjẹ̀bú-Òde bi wá kò le rárá. Wọ́n fi bàálù oníke kékeré ránṣẹ́ sí ọmọ rẹ̀ láti Lọ́ńdọ̀nù, irú èyí tí a máa ń tò fúnra ẹni, ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ni pé gígùn rẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ti bàálù gidi. Ó fẹ́ mọ orúkọ tí a lè pe gọ́ọ̀mù rẹ̀ ní Yorùbá, ó sì fẹ́ mọ èyí tí ọmọ náà máa fi lẹ ìbòrí tó mọ́ gaara tó wà lókè ìjókòó awakọ̀. Ọ̀gá wa láti Ṣàgámù bá gbé "àlẹ̀mọ́" kalẹ̀. Wọ́n ní kò sí gọ́ọ̀mù tí orúkọ náà kò gbà, wọ́n sì ní ẹwà rẹ̀ ni pé iṣẹ́ méjì ni "mọ́" inú rẹ̀ ń ṣe: ó lẹ̀ mọ́ nǹkan, ó sì tún mọ́ tónítóní. Àwọn kan ti ń pàtẹ́wọ́.

Èmi ò pàtẹ́wọ́ ní tèmi.

"À-" yẹn ni kí a kọ́kọ́ mú. Ohùn àárín la fi ń bẹ̀rẹ̀ orúkọ ẹni tó ń ṣe nǹkan: apẹja ló ń pẹja, akọ̀wé ló ń kọ̀wé. Àmọ́ ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀ ni àkọsílẹ̀, ohun tí wọ́n fi kún nǹkan ni àfikún. Tí ẹ bá wá fi ohùn ìsàlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ohun tí wọ́n lẹ̀ ni ẹ ń sọ, ẹ ò sọ ohun tí wọ́n fi lẹ̀ ẹ́. Àlẹ̀mọ́ ni fọ́tò àwọn olóṣèlú tó kún ara ògiri láti Ìjẹ̀bú-Igbó títí dé Ìperu. Ẹ rán ọmọ lọ ra àlẹ̀mọ́, kí ẹ wo ohun tó máa gbé bọ̀. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa fi àfòmọ́ dí mi lẹ́nu, pé ohùn ìsàlẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ òun náà, síbẹ̀ òun ló ń lẹ̀. Àfòmọ́ ò légbò, gbogbo igi ló ń bá tan, òun fúnra rẹ̀ ló wà lára igi. Gọ́ọ̀mù ń so nǹkan méjì pọ̀ ni, àárín ló wà. Ọ̀rọ̀ wọn ò dọ́gba.

Ó wá ku "mọ́". "Ó lẹ̀ mọ́ ọn" ni gbólóhùn tí a ti fa ọ̀rọ̀ náà yọ. Mọ́ yìí kì í ṣe mọ́ ti aṣọ tó mọ́, bí ohùn wọn tilẹ̀ jẹ́ ọ̀kan náà. Ọ̀rọ̀ kan kì í ti inú gbólóhùn méjì jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀fẹ̀ lèyí, kì í ṣe gírámà. Wọ́n ní àwọn ti máàkì ìwé ìdánwò fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Ọ̀tọ̀ ni ká máàkì, ọ̀tọ̀ ni ká dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀.

Ohun tó sì bí mi nínú jù ni pé irọ́ ni orúkọ náà ń pa fún ọmọ ọlọ́mọ. Súpà gúlù tí gbogbo wa mọ̀, ó ń lẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò mọ́. Bó ṣe ń gbẹ ni oru rẹ̀ ń gòkè, oru náà á pàdé ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́, á di funfun, á sì bà sára ike bí ẹfun. Ní àsìkò òjò nílẹ̀ wa ńkọ́, tí gbogbo afẹ́fẹ́ tutù? Oru yìí kan náà ni àwọn ọlọ́pàá fi ń wá ìtẹ̀ka ọ̀daràn. Tí ọmọ bá ti fọwọ́ kan ìbòrí bàálù náà tẹ́lẹ̀, ojú ìka rẹ̀ lè hàn lórí rẹ̀ ní funfun. Ẹ tún gbọ́ bí wọ́n ṣe ṣe alábàápàdé súpà gúlù: ní 1942, nígbà ogun, Harry Coover, onímọ̀ kẹ́míkà ará Amẹ́ríkà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kodak, iléeṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù kámẹ́rà, ń wá ike tó mọ́ gaara tí wọ́n lè fi ṣe awò ìfojúsùn ìbọn. Ohun tí wọ́n rí ń lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tó bá kàn, wọ́n bá pa á tì. 1958 ló tó dé ọjà. Mọ́ ni wọ́n wá lọ, lẹ̀ ni wọ́n bá bọ̀.

Gọ́ọ̀mù tí wọ́n dìídì ṣe fún bàálù oníke ńkọ́? Ìyẹn kì í lẹ̀ rárá. Kẹ́míkà tí wọ́n ń pè ní acetone àti butyl acetate ló wà nínú ọ̀pọ̀ nínú wọn, wọ́n ń yọ́ ike ni. Etí méjèèjì á yọ́, á wọnú ara wọn, omi gọ́ọ̀mù á fẹ́ lọ, ike méjì á di ẹyọ kan. Kò sí ohunkóhun tó kù láàárín tí ẹ lè pè ní àlẹ̀mọ́. Ìdí nìyí tí mo fi pè é ní ayọ́ke: ó ń yọ́ ike. Ẹnì kan ní Ìperu ti ń fi mí rẹ́rìn-ín pé mo fi Àyọ̀kẹ́, oríkì ìyá ìyàwó òun, sọ gọ́ọ̀mù. Ẹ fi àmì sí i, ẹ ò ní ṣi ìyá yín pè. Ẹ̀kán ayọ́ke kan ṣoṣo tó bá já lu ibi tó mọ́ gaara, àpá ni, kò sì sí aṣọ tó lè nù ún kúrò.

Gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà ló yẹ ìbòrí yẹn, irú Top Bond. Kí ọmọ fi igi ìtayín tọ́ díẹ̀ sí etí rẹ̀, kó gbé e lé e, kó fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Èyí tó bá yọ síta, kó fi aṣọ tútù nù ún kó tó gbẹ. Ó funfun nígbà tó tutù, ṣùgbọ́n tó bá gbẹ, ojú á ríran já a. Kò lágbára tó súpà gúlù, àmọ́ kí ni ìbòrí tí kò tó èékánná fẹ́ gbé?

Àtè funfun ni mo pè é. Bàbá bàbá mi ní Ìkẹ́nnẹ́ máa ń se oje igi títí á fi ki, wọ́n á fi pa igi tín-ín-rín, ẹyẹ á bà, ó tán. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn ní gírámà, wọn ò sì ní ṣi àtè pè ní àlẹ̀mọ́ láé. Ẹ̀gbọ́n kan ní àtè kì í gbẹ, pé tútù rẹ̀ gan-an ló fi ń mú ẹyẹ, nítorí náà kò lè jẹ́ orúkọ ohun tó ń gbẹ. Ọ̀rọ̀ yìí lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ju gbogbo ohun tí wọ́n ti sọ síbí lọ. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fi àjẹ̀ wà lórí omi ni ọkọ̀ nígbà kan rí, lónìí a ń pe mọ́tò ní ọkọ̀, a sì ń pe bàálù fúnra rẹ̀ ní ọkọ̀ òfuurufú. Ṣé àtè nìkan ni kò gbọdọ̀ kúrò nínú igbó?

Ẹni tó kọ ọ́ pé ọmọ Rẹ́mọ kò gbọdọ̀ kọ́ ẹlòmíràn ní Yorùbá, mo ti rí ọ̀rọ̀ yín, mò ń bọ̀ wá bá yín lọ́tọ̀. Ẹni tó bá sì ní orúkọ tó dára ju ayọ́ke lọ, kó mú un wá. Kó ṣáà má fi "mọ́" sí i.