Ìlú etí òkun tí iṣẹ́ ọnà gbé dìde: ṣé ó lè ṣe ẹbu ìyá mi láǹfààní?

Ọmọ Amọ̀kòkò (Òkèlele, Ìlọrin)

Àsàlámù àléékún, ẹ̀yin ará ilé. Mo ní ìbéèrè kan, mo sì fẹ́ kí ẹni tó bá mọ̀ nípa rẹ̀ dá mi lóhùn dáadáa, torí ìpàdé ẹbí wa kò kọjá ọjọ́ Jímọ̀ tó ń bọ̀.

Ìkòkò ni ìyá mi ń mọ ní ẹbu Dàda. Ìyá tó bí wọn náà, iṣẹ́ yìí ló ṣe títí ó fi kú. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀dọ̀ wọn lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń sun ìkòkò, ẹ ó rí bí wọ́n ṣe máa ń fi igi gígùn fa èyí tó ti pọ́n bí ẹyin iná jáde nínú eérú, tí wọ́n á wá máa wọ́n omi èèpo èso igi irú sí i lára. Á ké ṣíìì, èéfín á sọ, kẹ́ ẹ tó nu ojú tán ìkòkò ti dúdú, ó ti ń dán. Bí iṣẹ́ yìí ṣe dára tó, alágbàtà ló ń wá kó o lọ, owó tó sì ń fún ìyá mi kì í fi bẹ́ẹ̀ tó ra ìrẹsì lọ́jà.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ rèé. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni bàbá bàbá mi kọ́ síwájú agbo-ilé wa. Mẹ́ta ti wà ní títì tipẹ́. Ẹnì kan ti wá, ó ní òun fẹ́ ra gbogbo iwájú ilé, òun á wó o, òun á kọ́ pláásà. Àbúrò bàbá mi kan ti ń gbọ́ tirẹ̀. Èmi wá kà á níbì kan pé àwọn ìlú etí òkun kan wà ní Ìlú Òyìnbó tí ọrọ̀ ajé wọn ti kú, tí wọ́n kó àwọn oníṣẹ́ ọnà wọ inú ilé tó ṣófo, tí ìlú sì tún jí. Ṣé òótọ́ ni? Báwo ló ṣe ń ṣẹlẹ̀? Àwa ò kúkú ní òkun, odò Àsà la ní.

Ahunṣọ Òfì

Àbúrò, mi ò ní tàn ẹ́. Ìdí òfì ni mo dàgbà sí. Àwọn tó ń wá yà wá ní fọ́tò pọ̀ ju àwọn tó ń ra aṣọ lọ. Wọ́n á ní kí n jókòó báyìí, kí n ju ọ̀kọ̀ báyìí, wọ́n á fọwọ́ pa òwú wò, wọ́n á ní "Màáṣá Álláà", wọ́n á wọ mọ́tò wọn. Àwọn tó ń ṣe ìyàwó ló ń gbé owó wá fún mi. Kí èrò wá ò ṣòro. Kí wọ́n ná owó kí wọ́n tó lọ, ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

Ará Èsìẹ́

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. Ìlú tiwa ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, láti 1945, nítorí àwọn ère òkúta tí wọ́n bá nínú igbó. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bọ́ọ̀sì àwọn ọmọ iléèwé á dé, wọ́n á wo ère, wọ́n á jẹ ìrẹsì tí wọ́n gbé wá látilé, wọ́n á sì padà sí Ìlọrin kí ilẹ̀ tó ṣú. Ìyá mi tó ń dín àkàrà lẹ́bàá ọ̀nà kì í rí nǹkan kan tà fún wọn. Ohun tí ayé ń wá wò wà nílé wa, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń gbẹ́ ère kékeré tí ọmọdé lè rà lọ́wọ́. Ilé kan ṣoṣo kì í sọ àdúgbò di ọjà.

Alhaja

Wà àléékún salaamu, ọmọ mi. Mo gbé Margate, ìlú etí òkun kan ní Kent, ní Ìlú Òyìnbó, fún ọdún 9, láti 2008 sí 2017. Àwọn arúgbó ni mò ń tọ́jú níbẹ̀. Ohun tí ojú mi rí ni màá sọ fún ẹ.

Kọ́kọ́ mọ ohun tó pa ìlú náà. Ibẹ̀ làwọn ará Lọ́ńdọ̀nù ti ń lọ gbafẹ́ nígbà oòrùn láyé àtijọ́. Nígbà tí bàálù olówó pọ́ọ́kú wá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn lọ sí Sípéènì, tí oòrùn ibẹ̀ kì í já èèyàn kulẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì dá páropáro. Dreamland, ọgbà ìṣeré ńlá tí wọ́n fi ń yangàn, ti wà ní títì kí n tó dé. Bí mo bá ń lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀, mo máa ń ka ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n kan pákó mọ́ lójú. Ìgbẹ́ ẹyẹ òkun ti funfun lára pákó ọ̀hún.

Wọ́n wá kọ́ ilé àfihàn iṣẹ́ ọnà kan sétí omi, Turner Contemporary, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹrin 2011. J.M.W. Turner, ayàwòrán tó mọ òkun àti sánmọ̀ yà, máa ń wá dé sílé ìyá kan níbi tí wọ́n kọ́ ilé náà sí gan-an. Ohun tó ti jẹ́ tìlú tẹ́lẹ̀ ni wọ́n gbé dìde, wọn ò lọ yá ìtàn ẹlòmíì. Ọ̀fẹ́ ni ẹnu ọ̀nà, ìyẹn sì ni ìdáhùn sí ọ̀rọ̀ ahunṣọ. Ẹni tí ò sanwó ẹnu ọ̀nà, owó ṣì wà lápò rẹ̀ nígbà tébi bá pa á. Á ra ẹja díndín, á mu tíì, á yà wo àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà ní Old Town. Rélùwéè tó yára láti Lọ́ńdọ̀nù náà ti bẹ̀rẹ̀ ní 2009, torí náà èèyàn lè wá láàárọ̀ kó padà lálẹ́. Nígbà tó fi máa di 2015, Dreamland ti tún ṣí. Mo rí i tí pákó ń kúrò lójú ṣọ́ọ̀bù lọ́kọ̀ọ̀kan. Inú mi dùn, mi ò ní purọ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí tó dùn mí. Òkè ṣọ́ọ̀bù bàbá kan tó ń tún bàtà ṣe ni yàrá mi wà. Onílé ní òun fẹ́ tún ilé ṣe. Nígbà tó tún un ṣe tán, owó tó pè kọjá agbára èmi àti bàbá náà. Bàbá ló kọ́kọ́ kó ẹrù, èmi kó lọ sí Ramsgate. Ibi tó máa ń jókòó kan bàtà ti di ibi tí wọ́n ti ń mu kọfí. Àwọn ayàwòrán tó jẹ́ pé ilé olówó pọ́ọ́kú ló fà wọ́n wá, ọ̀pọ̀ nínú wọn tẹ̀lé wa jáde. Ìlú jí, àmọ́ kì í ṣe gbogbo wa la wà níbẹ̀ jẹ ẹ́.

Folkestone, ní Kent kan náà, gba ọ̀nà míì. Nígbà tí wọ́n ṣí ọ̀nà abẹ́ òkun sí Faransé ní 1994, iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ibẹ̀ rọlẹ̀. Olówó kan tó jẹ́ ará ìlú náà, Roger De Haan, dá àjọ aláàánú kan sílẹ̀ ní 2002. Ó ra àwọn ilé tó ti ń wó ní àdúgbò àtijọ́, ó tún wọn ṣe, ó sì fi wọ́n síkàáwọ́ àjọ náà. Wọ́n ń fi yá àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ àti oníṣẹ́ ọnà lówó tí apá wọn ká. Láti 2008 ni wọ́n ti ń ṣe àfihàn ńlá ọlọ́dún mẹ́ta-mẹ́ta tí wọ́n ń pè ní Triennial, iṣẹ́ mélòó kan sì máa ń kù síta gbangba, tí èèyàn lè wá wò nígbàkigbà.

Ọmọ mi, ohun tí olówó yẹn fi owó gọbọi rà, ẹbí yín ti ní i. Agbo-ilé ni. Kò sẹ́ni tó lè lé ìyá rẹ kúrò níwájú ilé, àfi tẹ́ ẹ bá fọwọ́ ara yín tà á. Ẹ má tà. Ẹ fi yá àwọn tó ń fọwọ́ ṣiṣẹ́, kẹ́ ẹ kọ iye owó àti iye ọdún sínú ìwé, kí gbogbo ẹbí buwọ́ lù ú.

Ọmọ Amọ̀kòkò

Alhaja, Ọlọ́run á san yín lóore. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún ràn mí lọ́wọ́ síbì kan: àwọn àgbà àdúgbò á bi mí bóyá ọtí àti ijó òru ni mo fẹ́ kó wọ Òkèlele.

Alhaja

Sọ ìtàn Asilah fún wọn. Ìlú Mùsùlùmí ni, ó wà létí òkun ní Mòrókò. Ọmọ ìlú méjì, Mohamed Benaïssa àti ayàwòrán Mohamed Melehi, ló bẹ̀rẹ̀ ní 1978. Wọ́n pe àwọn ayàwòrán wá láti ya àwòrán sára ògiri funfun inú ìlú àtijọ́. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń pé jọ, wọ́n sì ń tún ilé àti òpópónà ṣe. Ní 1989, wọ́n gba ẹ̀bùn Aga Khan, ẹ̀bùn àgbáyé fún iṣẹ́ ilé kíkọ́, fún iṣẹ́ àtúnṣe náà. Mọ́sálásí wọn wà níbẹ̀, ìrun wọn ò yẹ̀.

Ọmọ Amọ̀kòkò (lẹ́yìn ọjọ́ Jímọ̀)

A ti ṣèpàdé. Inú àbúrò bàbá mi ò dùn, wọ́n ní owó lọ́wọ́ sàn ju ọ̀rọ̀ lọ. Ìyá mi kì í sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ẹbí, àmọ́ lọ́tẹ̀ yìí wọ́n gbé ìṣaasùn kan jáde, wọ́n gbé e síwájú wọn, wọ́n ní kí wọ́n sọ iye tí alágbàtà ń rà á àti iye tí wọ́n ń tà á lọ́jà. Ilé pa rọ́rọ́. Wọ́n fún wa lọ́dún kan. A ti gbá ṣọ́ọ̀bù méjì. Ìyá mi á wà nínú ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n kan tó ń ran fìlà á wà nínú èkejì.

Alhaja

Alhamdulilai. Bá mi bi wọ́n bóyá wọ́n ṣì ń mọ àmù ńlá, èyí tó ní ìdérí. Méjì ni mo fẹ́. Iye tí wọ́n bá pè é ni màá san.

Ahunṣọ Òfì

Ṣọ́ọ̀bù kẹta ńkọ́? Èló ni ẹ̀ ń gbà lọ́dún? Má dín in kù torí pé o mọ̀ mí o. Kọ ọ́ sínú ìwé bí Alhaja ṣe wí, màá wá wò ó lọ́jọ́ Àìkú.