Àgbàdo, ọkà bàbà tàbí eèsún: èwo ni ká fi ṣe sáílèèjì fún màlúù oníwàrà l'Ábẹ́òkúta?

Oníwàrà_Ọ̀dẹ̀dá:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Màlúù mẹ́rin tó ń fún wàrà ni mo fẹ́ ṣe sáílèèjì (oúnjẹ tútù tí a gé, tí a dì pa kó lè kan, kó má bàa bàjẹ́) fún, èyí tí wọn á máa jẹ fún oṣù mẹ́rin tí ọ̀gbẹlẹ̀ bá dé. Eèsún pọ̀ lágbègbè mi, ilẹ̀ sì wà fún àgbàdo tàbí ọkà bàbà. Èwo ló ń mú wàrà wá jù? Ṣé kí n gbẹ́ kòtò ni, àbí kí n dì í sápò?

Àgbẹ̀_Àtàtà:
Tó bá jẹ́ ti wàrà, àgbàdo ló wà níwájú, torí pé inú hóró ẹ̀ ni agbára wà. Pòròpórò tí wọ́n ti ṣẹ́ ọmọ ẹ̀ tà kì í ṣe sáílèèjì àgbàdo o, koríko lásán ni.

Ìgbà tí ẹ bá gé e ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Ẹ ṣẹ́ ọmọ àgbàdo kan sí méjì kí ẹ wo hóró ẹ̀. Ẹ máa rí ìlà kan tó pààlà láàárín apá tó ti le àti apá tó ṣì ní wàrà. Tí ìlà yẹn bá ti dé ìdajì hóró, ẹ gé e. Tí ẹ bá yára jù, omi á máa ṣàn jáde nínú ẹ̀, ṣúgà á sì bá a lọ. Tó bá ti gan, kò ní ṣe é kì mọ́ra, hóró á sì máa bá ìgbẹ́ jáde bó ṣe wọlé. Protein ẹ̀ kò ju ìdá 7 sí 9 nínú 100, nítorí náà ẹ fi PKC (ìyẹn èyí tó kù lẹ́yìn tí wọ́n bá fún òróró inú èkùrọ́ tán) tàbí kárọ́ ẹ̀pà kún un.

Ọkà bàbà ń fara da ọ̀dá ju àgbàdo lọ. Ẹ gé e nígbà tí hóró ẹ̀ ṣì rọ̀. Èyí tó bá tún hù lẹ́yìn tí ẹ gé e, tí kò tíì ga tó 60 sẹ̀ǹtímítà, ẹ má jẹ́ kí màlúù jẹ ẹ́ ní tútù: májèlé cyanide wà nínú ẹ̀.

Eléèsún:
Ẹ má fojú di eèsún. Ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 ni kí ẹ gé e, nígbà tó bá ga tó bíi mítà kan. Tó bá fi dé ọ̀sẹ̀ 12, igi ló kù. Àléébù ẹ̀ ni pé omi pọ̀ lára ẹ̀, ṣúgà sì kéré, ìyẹn ló fi máa ń rà dípò kó kan. Ẹ sá a fún odindi ọjọ́ kan, kí ẹ gé e wẹ́wẹ́, sẹ̀ǹtímítà 2 sí 3. Sí 100 kílò, ẹ bu èèpo ẹ̀gẹ́ gbígbẹ tí a lọ̀, kílò 8 sí 10. Ibi tí wọ́n ti ń ṣe gàrí kò wọ́n ní ìlú wa, èèpo náà sì ń fa omi mu. Mòláásì (omi ṣúgà dúdú tó ki) kílò 3 sí 4 náà dáa.

Kó tó wọ àpò, ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ kan kí ẹ fún un dáadáa. Tí omi bá ń kán láàárín ìka, ẹ tún un sá. Tó bá rọra ń tú, tí àtẹ́lẹwọ́ kàn rin díẹ̀, ó ti tó.

Àgbẹ̀_Àtàtà:
Ní ti kòtò, ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀. Màlúù 4, kílò 20 lójúmọ́, ọjọ́ 120: kílò 9,600. Tí a bá ro èyí tó máa bàjẹ́ mọ́ ọn, bíi tọ́ọ̀nù 11. Kòtò tó fẹ̀ ní mítà 2, tó jìn ní mítà 1.5, máa gùn tó mítà 6. Kílò 80 tí ẹ ń bù lójúmọ́ kò ní ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ lójú ibi tí ẹ ti ń bù ú, bẹ́ẹ̀ nínú ooru tiwa, ó yẹ kó tó 15. Atẹ́gùn á ti wọlé, á gbóná, á sì bu. Àpò ló bá màlúù mẹ́rin mu: kílò 40 nínú ọ̀rá tó nípọn, kí ẹ ki ọ̀rá náà sínú àpò ìrẹsì. Méjì lójúmọ́, ẹ ṣí i, kí wọ́n jẹ ẹ́ tán. Ẹ máa tẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe ń rọ ọ́ sínú ẹ̀, kí ẹ lọ́ ẹnu ọ̀rá, ṣẹ́ ẹ po, kí ẹ sì so ó. Eku ni ọ̀tá ẹ̀. Ihò kékeré kan ti tó láti ba odindi àpò jẹ́.

Oníwàrà_Ọ̀dẹ̀dá:
Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọjọ́ mélòó kí n tó ṣí i? Kí ni màá fi mọ̀ pé ó dáa?

Eléèsún:
Ọjọ́ 21 ó kéré tán, 30 ló dáa jù. Òórùn ẹ̀ á dà bíi ti omi ògì tó kan. Tó bá dúdú bíi tábà, ooru ti jó o. Èyí tó bá bu, ẹ dà á nù, torí aflatoxin (májèlé tó máa ń wà nínú oúnjẹ tó bu) inú ẹ̀ ń bá wàrà jáde. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú kílò 5 fún màlúù kan, kí ẹ máa fi kún un fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yìn tí ẹ bá ti fún wàrà tán ni kí ẹ fún wọn jẹ, kí òórùn ẹ̀ má bàa wọ inú wàrà.