Ṣé kí n gba bọ́ọ̀sì mi lọ́wọ́ awakọ̀ yìí?

Oníbọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ̀yin àgbà inú ẹgbẹ́ yìí, ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ọ̀rọ̀ awakọ̀ mi ti sú mi. Bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ni mo fi lé e lọ́wọ́ kí ó máa fi ná Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ní oṣù yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni owó ọ̀sẹ̀ dín. Bí mo bá bi í léèrè, yóò ní epo ti wọ́n. Kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Àìkú, bí wọ́n bá sì fẹ́ háyà rẹ̀ lóru, kíkọ̀ ni. Èyí tí ó dùn mí jù ni pé níbi ìsọmọlórúkọ ọmọ àbúrò mi, bí ó ṣe jẹun tán ni ó sùn lọ lórí àga níwájú àwọn àna wa, tí ó ń hanrun. Mo fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Ajé, kí n gbé e fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọkọ̀. Kí ni ẹ rí sí i?

Ìyá Ìbejì: Ẹ gbà á kíá. Awakọ̀ tí ọkọ mi gbà nígbà kan, bátìrì tuntun ni ó yọ tà, tí ó fi ògbólógbòó rọ́pò rẹ̀. Ọjọ́ tí ọkọ̀ kọ̀ tí kò ṣíná ni a tó mọ̀.

Awakọ̀ Àtijọ́, Ọ̀yọ́: Ẹ má bínú sí mi, ọdún 23 ni mo fi jẹun nídìí sítíárìn. Awakọ̀ tí kò bá tíì dé gáréèjì ní ìdájí, ọ̀sán lè pọ́n kí ó tó kàn án, yóò sì ti san owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ó tó mọ iye tí yóò kù sí i lọ́wọ́. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ìdajì owó ọkọ̀ lè wọ inú táǹkì lọ. Ní ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, tírélà ń bọ̀ níwájú, tírélà ń tì ọ́ lẹ́yìn. Kí n tó dé Odò Ọbà, òógùn á ti bo àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì, màá wá máa nù wọ́n lára ṣòkòtò lọ́kọ̀ọ̀kan, nítorí pé èmi kò jẹ́ fi sítíárìn sílẹ̀. Gbogbo èrò ń sùn. Bí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, ṣéńjì ni wọ́n ń bèèrè. Ẹni tí yóò ní "ẹ ṣeun, awakọ̀" kò wọ́pọ̀. Ẹni tí ó kọ ìrìn òru, ẹ̀mí ni ó ń ṣọ́. Ta ni ó ń ra táyà?

Ìyá Ìbejì: Awakọ̀ kò ní ṣe kí ó má gbè sẹ́yìn awakọ̀.

Awakọ̀ Àtijọ́, Ọ̀yọ́: Mo gbè é, ìyá. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dáhùn.

Oníbọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́: Èmi kò sọ pé kò mọ ọkọ̀ wà, láti ìgbà tí ó ti gbà á, kò ha ibì kankan. Òun ni ó ń ra táyà, òun náà ni ó ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe. Ṣùgbọ́n níwájú àwọn àna wa!

Olùkọ́ Àgbà: Láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìbàdàn tó nǹkan bí 100 kìlómítà. Ẹni tí ó bá lọ tí ó bọ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́ ti rin 400, oorun kò sì mọ àna. Ohun tí kò yé mi ni ti táyà yẹn. Ta ni yóò máa fi owó ara rẹ̀ tún ọkọ̀ ẹlòmíràn ṣe? Àbí ó ń san owó rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ kí ó lè di tirẹ̀ ni?

Oníbọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́: Kì í ṣe ohun tí mo bèèrè nìyẹn, sà. Bẹ́ẹ̀ ni, ọdún méjì ni a fi àdéhùn sí.

Olùkọ́ Àgbà: Ó ku ìgbà wo?

Oníbọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ṣùgbọ́n ẹ wo iye tí wọ́n ń ta irú ọkọ̀ yẹn nísinsìnyí! Bí ẹni fi í tọrẹ ni.

Ìyá Ìbejì: Háà! Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà? Mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ o. Ti bátìrì kọ́ nìyí.

Awakọ̀ Àtijọ́, Ọ̀yọ́: Ṣé ọmọ ẹ̀gbọ́n yín mọ̀ pé ọkọ̀ ẹni ẹlẹ́ni ni ẹ fẹ́ gbé fún òun?

Oníbọ́ọ̀sì, Ògbómọ̀ṣọ́: Ẹ dákẹ́ ná, awakọ̀ náà ni ó ń pè mí yìí. Ó ní òun ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa, òun sì ti mú èyí tí ó dín lọ́sẹ̀ tó kọjá wá.