Ẹ̀yin tí ẹ̀yìn ń dùn, ẹ wá sọ tiyín

Telọ Òṣogbo
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ó pé ọdún 14 tí mo ti ń ránṣọ. Láti bí ọdún mẹ́ta ni ìbàdí ti ń dùn mí, pàápàá tí ọdún bá ti ń sún mọ́lé tí aṣọ ẹbí kún ṣọ́ọ̀bù. Bí mo bá jókòó ti máṣíìnì láti àárọ̀, tó bá di ọ̀sán tí mo fẹ́ dìde, àfi kí n di tábìlì mú, kí n tẹ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí ẹ̀yìn tó nà. Wọ́n ya fọ́tò eegun mi, wọ́n ní kò sóhun tó ṣe é. Kí ló wá ń dùn mí? Ẹni tí irú ẹ̀ bá ti ṣe rí, ẹ jọ̀ọ́, báwo lẹ ṣe ń jókòó, báwo lẹ ṣe ń gbẹ́rù? Mi ò bèèrè oògùn o.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ẹ yé jẹ ohun dídùn.

Aládùúgbò
Ó ní òun ò bèèrè oògùn, ẹ ti gbé jẹ̀díjẹ̀dí dé!

Bíríkìlà Mókọ́lá
Ẹ jẹ́ n sọ tèmi. Àpò símẹ́ǹtì kan, kílò 50 ni. Nígbà tí mo ń ṣe lébìrà lọ́mọ ọdún 19, orí ni mo fi ń rù ú gun àtẹ̀gùn, kò sóhun tó ṣe mí. Ọdún tó kọjá ni mo bẹ̀rẹ̀ mú ṣíbí nílẹ̀ nínú ilé. Ṣíbí o! Ẹ̀yìn mi há gádígádí. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n dùbúlẹ̀, n kò gbọdọ̀ mira. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó mi ló ń bá mi wọ ṣòkòtò. Ìgbà tí mo fi máa dìde, itan ti rọ, ẹ̀rù sì ti bà mí débi pé bí pákó ni mo ń rìn, mi ò jẹ́ tẹ ẹ̀yìn mọ́. Físíò tí mo lọ bá, ìyẹn àwọn tó ń fi ìdárayá tọ́jú ara, kò fún mi lóògùn kankan. Korobá òfìfo ló ní kí n máa bẹ̀rẹ̀ gbé lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó ní kí n bu omi díẹ̀ sí i. Ó tó oṣù méjì kí korobá tó kún. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ìrora nìkan kọ́ ló dè mí mọ́lẹ̀, ìbẹ̀rù wà níbẹ̀. Mo ti padà sẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Ìbejì
Ọ̀rọ̀ ṣíbí yẹn wọ̀ mí lára. Tèmi, ìgbálẹ̀ ni. Àgbàlá ilé ọkọ mi fẹ̀. Màá pọn ọ̀kan nínú àwọn ọmọ, màá tẹ̀ba gbálẹ̀ láti ẹnu géètì dé ẹ̀yìnkùlé, lójoojúmọ́. Nígbà tí mo so igi gígùn mọ́ ìgbálẹ̀ kí n lè máa dúró gbá a, ìyá ọkọ mi ní ọ̀lẹ ni mí.

Aládùúgbò
Màmá ò kúkú jẹ̀bi. Àwọn ìyá wa tẹ̀ba gbálẹ̀ títí wọ́n fi darúgbó.

Ìyá Ìbejì
Ẹ lọ bi wọ́n ní ohun tí wọ́n fi ń para lálẹ́ kí wọ́n tó lè sùn.

Aládùúgbò
Hmm. Òróró àdí ni tìyá mi.

Ọmọ Ìjẹ̀bú ní Manchester
Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ń ṣe. Láti 1992 ni wọ́n ti ṣòfin níbí lórí bí òṣìṣẹ́ ṣe ń gbẹ́rù. Wọ́n kọ́ wa: tẹ orúnkún, fa ẹrù mọ́ra, má yí ìbàdí nígbà tí ẹrù wà lọ́wọ́. Ẹni tí ò bá lè dìde, ẹ̀rọ la fi ń gbé e. Mo pa gbogbo rẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ṣì dùn mí fún ọdún méjì. Físíò bi mí pé báwo ni mo ṣe ń sùn. Inú bí mi, mo ní ẹ̀yìn ló ń dùn mí, kì í ṣe ojú! Àṣé iṣẹ́ òru márùn-ún lọ́sẹ̀ àti oorun wákàtí mẹ́rin wà nídìí ọ̀rọ̀. Mo dín òru kù sí mẹ́ta, ara bẹ̀rẹ̀ sí í tù mí.

Àgbẹ̀ Ìṣẹ́yìn
Tẹ orúnkún kẹ̀? Bàbá mi ti pé ọdún 78. Ọkọ́ kúkúrú ni wọ́n fi ń roko, ìbàdí ni wọ́n ń tẹ̀, orúnkún wọn kì í tẹ̀. Ẹ̀yìn ò dùn wọ́n rí.

Físíò
Iṣẹ́ mi nìyí, ẹ jẹ́ n dá sí i. Àgbẹ̀, ẹ ò parọ́. Ara máa ń mọ ohun tó bá ń ṣe lójoojúmọ́, bàbá sì ti ń roko láti kékeré. Ẹ gbé ọkọ́ náà fún akọ̀wé tó ti jókòó láti Mọ́ńdè dé Fúráìdè, ẹ óò gbọ́ igbe. Kò sí ọ̀nà kan ṣoṣo tí gbogbo ayé gbọdọ̀ gbà gbẹ́rù. Ohun tí ara ò mọ̀ rí tí a dédé kó lé e ló ń dá wàhálà sílẹ̀. Telọ, ìjókòó yín lè má burú, àmọ́ ẹ ń pẹ́ jù lójú kan. Ẹ má sì rò pé ẹ̀yin nìkan ni: ní 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé kà á sí mílíọ̀nù 619 èèyàn tí ìbàdí ń dùn.

Awakọ̀
Bọ́ọ̀sì Ìbàdàn sí Èkó ni mo ń wà. Skáànì mi ní disc, ìyẹn tìmùtìmù tó wà láàárín eegun ẹ̀yìn, ti yọ díẹ̀. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti ka ìwé yẹn fún mi, mi ò gbé ọmọ mi mọ́. Ṣé ó ti tán fún mi nìyẹn?

Físíò
Rárá o, ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti yẹ skáànì àwọn tí nǹkan kan ò dùn wò. Nínú 100 ọmọ ogún ọdún, disc bí 30 ti yọ. Nínú 100 ẹni ọgọ́rin ọdún, ó tó 84. Ẹ gbé ọmọ yín. Àmọ́ tí abẹ́ bá kú tipiri, tí ìtọ̀ ò ṣe é mú dúró tàbí tí kò jáde, tí ẹsẹ̀ ń rọ, ẹ má dúró de ilẹ̀ kó mọ́, ilé ìwòsàn ni.

Awakọ̀
Kò sí ìkankan nínú ìyẹn. Ẹ ṣé. Ọmọ ọdún méjì ni, ó ti ń bínú sí mi.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Ẹ ti fò mí dá. Mo mu àgbo opá ẹ̀yìn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ìbàdí ò dùn mí mọ́.

Bíríkìlà Mókọ́lá
Ọ̀rẹ́ mi mu ún, inú ògógóró ni wọ́n rẹ ẹ́ sí. Kò gbọ́ ìrora mọ́, ó lọ ru páànù kọnkéré lọ́jọ́ kejì. Oṣù kan ni kò fi jáde nílé.

Físíò
Èyí tó pọ̀ jù nínú irú ìrora yìí máa ń lọ fúnra rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, yálà a mu àgbo tàbí a ò mu.

Ọmọ Ẹlẹ́kọ
Ẹ̀yin lẹ sọ bẹ́ẹ̀. Èmi mọ ohun tí mo mu.

Ìyá Ìbejì
Ẹ máa ṣọ́ra fún diclofenac, oògùn ìrora yẹn, náà o. Àbúrò mi ń lò ó bíi gúgúrú, ọgbẹ́ inú ló fi gbà.

Telọ Òṣogbo
Mo ti ka gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́fà rèé tí mo ti gbé áyọ́ọ̀nù àti sísọ́ọ̀sì lọ sí òdìkejì ṣọ́ọ̀bù, kò sí bí mi ò ṣe ní dìde. Ọmọ iṣẹ́ mi rò pé mo ń bínú. Ó ṣì ń dùn mí, àmọ́ lánàá mo dìde láìdi tábìlì mú. Ìyá Ìbejì, ìgbálẹ̀ onígi yẹn, níbo lẹ ti rí igi tí ò wúwo?

Ìyá Ìbejì
Ọparun ni. Ìyá ọkọ mi ló ń lò ó báyìí.