Kókó kan yọ lára ọmú tí wọ́n tún ṣe fún mi

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ìyá àti ẹ̀gbọ́n mi. Lọ́dún 2021 ni wọ́n gé ọmú òsì mi nítorí jẹjẹrẹ, wọ́n sì fi awọ àti ọ̀rá ikùn mi ṣe òmíràn síbẹ̀. (Ikùn mi wá pẹlẹbẹ, èrè tí mo jẹ nìyẹn!) Dókítà ní ọmú ọ̀tún nìkan ni kí n máa ya mammogram (àwòrán inú ọmú) fún lọ́dọọdún. Àmọ́ láti oṣù tó kọjá, kókó kan tó le bí ẹ̀pà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú àpá. Nọ́ọ̀sì ní ó lè jẹ́ ọ̀rá tó ti kú, pé kí n lọ ṣe síkáànì. Ẹ̀yin tójú yín ti rí i, ṣé síkáànì nìkan ti tó, àbí wọ́n ní kí ẹ ṣe MRI (àwòrán inú ara tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ olóòfà yà), tàbí wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ lọ yẹ̀ wò? N kò rí oorun sùn mọ́.