Ràrá kì í ṣe ọmọdé o

Ẹ kú àròjinlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Mo rí i pé àwọn tó ní ká pe dwarf galaxy, ìyẹn àgbájọ ìràwọ̀ tó kéré, ní "ọmọ àgbájọ ìràwọ̀" ti ń pọ̀, ohun tí wọ́n sì ń sọ ni pé torí káwọn onísáyẹ́ǹsì lè mọ bí nǹkan ṣe rí níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ àgbáálá ayé ni wọ́n ṣe ń wo àwọn kéékèèké yìí, pé ọmọdé ni wọ́n nìyẹn. Èmi ò fara mọ́ ọn rárá, "ràrá" ló yẹ ká pè é.

Ẹ wo èyí tí wọ́n ń pè ní I Zwicky 18, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ á rìn tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 59 ọdún kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Tẹ́ ẹ bá rí fọ́tò ẹ̀, ìràwọ̀ tuntun tó ń tàn búlúù ló kún àárín ẹ̀, gáàsì sì lọ́ mọ́ wọn lára. Lọ́dún 2004 àwọn tó fi awò Hubble, awò ńlá tó ń yí ayé po lójú ọ̀run, wò ó ní kò tíì pé mílíọ̀nù 500 ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í bí ìràwọ̀, làwọn èèyàn bá ní ọmọ jòjòló rèé. Nígbà tó fi máa di 2007, wọ́n fi Hubble yẹn náà tún un wò fínnífínní, wọ́n wá rí àwọn ìràwọ̀ pupa tó ń tàn bàìbàì, àgbàlagbà ni wọ́n, ọjọ́ orí wọn ju bílíọ̀nù 1 ọdún lọ, ó tiẹ̀ lè tó bílíọ̀nù 10! Tó bá jẹ́ "ọmọ" la ti fi sórúkọ ẹ̀ ńkọ́?

Ràrá ní tiẹ̀ lè ti hu irùngbọ̀n kó ti bímọ, kò kàn ga ni. Ẹni tó ní orúkọ náà jọ èébú, ẹ jọ̀ọ́, ẹni òòṣà ni ràrá láàárín wa, ẹni Ọbàtálá ni.

Ohun tó jẹ́ kí I Zwicky 18 jọ ti ìbẹ̀rẹ̀ ni gáàsì inú ẹ̀. Háídrójìn àti hílíọ́mù ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo ohun tó wà nígbà yẹn, inú ìràwọ̀ ni ọ́síjìn, kábọ́ọ̀nù àti irin ti jáde wá lẹ́yìn náà. Agbára òòfà ràrá ò tó nǹkan, tí ìràwọ̀ bá bú gbàmù, púpọ̀ nínú ohun tó tú jáde á sá lọ, ìyẹn ni ọ́síjìn I Zwicky 18 ò fi tó ìdá kan nínú 20 ti oòrùn wa.

Ó ku metal, táwọn onímọ̀ ìràwọ̀ fi ń pe gbogbo ohun tó bá ti wúwo ju hílíọ́mù. Tá a bá tú u sí irin, ọ́síjìn tá à ń mí náà di irin nìyẹn. "Èròjà àtìràwọ̀wá" ni mo dá lábàá, bá a ṣe ń sọ àtọ̀runwá. Ẹni tó bá ní èyí tó dáa jù ú lọ kó mú un wá.